Alárinà Òǹkọ̀wé: Ta Ni Yóò Mú Ìwé Yorùbá Dé Ọjà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà a yẹ̀bá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nínú ọ̀ràn ìgbéyàwó. Ẹni tí ó ń lọ, tí ó ń bọ̀ láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ó ń wádìí ìdílé, tí ó ń jíṣẹ́ fún ọ̀tún, tí ó ń gbé èsì bọ̀ láti òsì, ó ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń parí. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbọ́ ara wọn yé, tí kò sì kúrò lójú ọ̀nà, wàhálà ni yóò dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú alárinà mìíràn wà tí òwe yìí kò bá mu rárá. Òun ni ẹni tí ó dúró láàárín òǹkọ̀wé àti àwọn tí ń tẹ ìwé tà. Ọjọ́ tí òǹtẹ̀wé bá gba ìwé gan-an ni iṣẹ́ irú alárinà bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, nítorí pé ọjọ́ náà ni ìwé àdéhùn dé orí tábìlì.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ìwé tí ó bá dára kò nílò ẹnikẹ́ni láti ṣáájú rẹ̀, pé òun tìkara rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà dé ọjà. Amos Tutùọlá ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Ó yẹ kí a yẹ ẹ̀rí yìí wò fínnífínní, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé kò sí ohun tí òǹkọ̀wé tuntun ní í ṣe ju pé kí ó kọ ìwé rẹ̀ kí ó sì káwọ́ gbera. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìwé rere ni ó ń kú sínú àpótí láìsí ẹni tí ó gbọ́ ikú wọn.

Iṣẹ́ alárinà òǹkọ̀wé kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1875 ni A. P. Watt, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláàndì, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní London. Ìpín 10 nínú 100 ni ó ń gbà lórí owó tí ìwé bá mú wọlé fún ẹni tí ó kọ ọ́. Inú àwọn òǹtẹ̀wé kò dùn sí i. Ní ọdún 1893, William Heinemann bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alárinà wọ̀nyí ní gbangba, ó sì kà wọ́n sí afòmọ́ tí ń jẹ lára igi tí kò gbìn. Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè kàn dànù. Yorùbá pàápàá mọ̀ pé alárinà yàtọ̀ sí alágbàtà. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n: ó ra ọjà lọ́wọ́ olóko ní pọ́ọ́kú, ó tà á ní ọ̀wọ́n, èrè rẹ̀ sì ń ti inú àdánù olóko jáde. Ti alárinà òǹkọ̀wé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òǹkọ̀wé kò bá rí kọ́bọ̀, òun náà kò níí rí kọ́bọ̀. Bí ti ẹni tí ó ni ìwé bá ti ń pọ̀ sí i ni tirẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Lóde òní, 15 nínú 100 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lórí ìwé tí a tà nílé, 20 nínú 100 sì ni lórí èyí tí a tà fún ìtumọ̀ sí èdè mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ san owó kí òun tó ka ìwé rẹ̀, alágbàtà ni, bí ó tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní alárinà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jẹun kí ọjà tó tà. Kò sí ohun tí yóò tún mú un sáré.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan Tutùọlá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọdún 1920 ni a bí i. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà, iṣẹ́ ońṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Èkó ní àkókò tí ó ń wá ẹni tí yóò tẹ ìwé rẹ̀. Kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ báyìí ní í tẹ ìtàn, ilé-iṣẹ́ báyìí ni kò tẹ̀ ẹ́. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts, Focal Press ní London ni ó fi ránṣẹ́ sí, ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ìwé nípa fọ́tò yíyà ni ó ń tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fún un ní owó díẹ̀, wọ́n gba ìwé náà bí ohun ìyanu, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1982 ni Bernth Lindfors tó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìtàn náà fi sùn.

Ìwé kejì ni The Palm-Wine Drinkard. Tutùọlá rí ìpolówó ìwé àwọn ọmọ Áfíríkà tí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan, United Society for Christian Literature, gbé jáde, ó sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Àwọn ni wọ́n bá a wá ọ̀nà dé ilé-iṣẹ́ Faber. Ìwé náà jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1952. Ní oṣù keje, akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Nígbà tí ó di ọdún 1953, Grove Press ti tẹ̀ ẹ́ ní New York.

Kí ni ìtàn ìwé méjèèjì yìí fi hàn? Kò fi hàn pé ìwé Tutùọlá wá ọ̀nà fún ara rẹ̀. Alárinà ni ó gbé e dé ilé Faber, ṣùgbọ́n alárinà tí àánú ṣe ni, tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì gba nǹkan kan. Ìwé kan ṣe kòńgẹ́ aláàánú, ó di olókìkí ní gbogbo ayé. Èkejì ṣe kòńgẹ́ ẹni tí ń wá ohun ìyanu, ó sùn. Ọwọ́ kan náà ni ó sì kọ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Tutùọlá ṣe ẹ̀rí pé ìwé rere kì í sọnù, kí ó ka ìwé méjèèjì mọ́ ẹ̀rí rẹ̀, kí ó má ṣe ka ẹyọ kan.

Èyí tí ó kan àríwísí jù lọ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Faber ti rí ìwé náà gbà. Wọ́n tọ Daryll Forde lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àṣà àti ìṣe ẹ̀dá, láti mọ̀ bóyá ìtàn náà ní gbòǹgbò nínú ìtàn àbáláyé Yorùbá. Wọ́n tún ya àwòrán ojú-ewé kan nínú ìwé tí Tutùọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pẹ̀lú àtúnṣe tí a ṣe sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé náà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìbéèrè tí a ń béèrè nípa ère tí a fẹ́ gbé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni èyí, kì í ṣe ìbéèrè tí a ń béèrè nípa ìtàn àròsọ. Nítorí ojú-ewé yẹn, òǹkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí àṣìṣe ońṣẹ́ kan kí ó tó gbọ́ ohùn òpìtàn. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ní ọdún 1954 àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, tí wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu èdè Tutùọlá. Ohun tí a gbé síwájú wọn gẹ́gẹ́ bí àríyá ni wọ́n rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gàn.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Faber kò yí èdè náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé, ohùn Tutùọlá sì kù fún wa títí di òní. Alárinà tí ó bá láápọn ju bí ó ti yẹ lọ ì bá ti fi ayùn rẹ́ gbogbo rẹ̀ kí ó lè dán. Èyí ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣòro. Alárinà rere ni ẹni tí ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe àti ohùn: ẹni tí yóò sọ fún òǹtẹ̀wé pé abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni èdè Yorùbá ń ṣàn, pé D. O. Fágúnwà ti ń kọ irú ìtàn inú igbó bẹ́ẹ̀ ní èdè abínibí láti ọdún 1938, àti pé bí ẹ bá fẹ́ tẹ ojú-ewé kan láti fi han ayé, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ayé yóò rí níbẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ni alárinà ń dáàbò bò. Ó ń dáàbò bo ọ̀nà tí a óò gbà ka ìwé.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Tutùọlá ni ti Chinua Achebe, ọmọ Ògìdì, tí òun ní ẹ̀kọ́ yunifásítì tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ewu. Ní London, ní ọdún 1956, ó fi ìtàn rẹ̀ han Gilbert Phelps ti BBC. Inú Phelps dùn, ó sì fẹ́ fi han àwọn òǹtẹ̀wé lójú ẹsẹ̀. Achebe ní kò tíì tó àkókò. Ó padà wálé, ó gé ìtàn tí ó gùn láti ìran dé ìran náà kúrú, ó fi ìtàn Okonkwo nìkan sílẹ̀. Ìpinnu yìí wà lára ohun tí ó sọ Things Fall Apart di ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, ó rí ìpolówó àwọn tí ń bá ènìyàn tẹ ìwé lórí taipù ní London nínú ìwé ìròyìn The Spectator, ó sì fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ní, èyí tí ó fi ọwọ́ kọ, ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú owó. Wọ́n gba owó, wọ́n dákẹ́. Bí kì í bá ṣe pé Angela Beattie, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò, lọ sí London tí ó sì yọjú sí wọn pẹ̀lú ìbínú, bóyá inú igun yàrá kan ni ìwé náà ì bá ti parí ayé rẹ̀.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé ọwọ́ Achebe, ó fi ránṣẹ́ sí alárinà tí Phelps júwe fún un. Alárinà náà gbé e káàkiri. Àwọn kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìtàn tí ọmọ Áfíríkà kọ kò lè tà. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á ní ìkẹyìn ni Heinemann, ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ ẹni tí ó pe alárinà ní afòmọ́ pè. Ẹ̀dà 2,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1958. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn onítaipù àti alárinà yìí hàn gbangba: àwọn tí wọ́n gba owó ṣáájú ni wọ́n sùn, ẹni tí owó rẹ̀ wà níwájú ni ó rìn.

A ti rí ohun tí àìsí alárinà ń fà, a ti rí bí ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó kù kí a wo ohun tí ó wà nínú kí alárinà má yẹ̀bá. Fún èyí a ní láti padà sí London ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, sọ́dọ̀ Joseph Conrad, ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì tí ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, àti J. B. Pinker, alárinà rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, Pinker ń yá Conrad ní owó lórí ìwé tí kò tíì kọ. Gbèsè náà ju £2,000 lọ nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1910. Nínú ìjà náà ni Pinker ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì tí Conrad ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára ju gbèsè lọ. Àìsàn gbé e dè. Lẹ́yìn náà, nínú lẹ́tà, ó padà sí pípe Pinker bí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tí ìwé Chance sì tà wìtìwìtì ní ọdún 1914, ọ̀nà ṣí láti san gbèsè.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé láìsí Pinker, díẹ̀ nínú àwọn ìwé Conrad tí a ń kà lónìí kì bá tí parí. Èkejì ni pé ẹni tí ó di onígbọ̀wọ́, olówó-èlé àti òǹkàwé àkọ́kọ́ fún ènìyàn kan náà yóò bínú lọ́jọ́ kan ju bí ọ̀rẹ́ ti ń bínú lọ. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé àti alárinà kọ àdéhùn ara wọn sílẹ̀ ní kedere láti ìbẹ̀rẹ̀: iye tí alárinà yóò gbà, ìwé tí ó kàn àti èyí tí kò kàn, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà tú ká bí kò bá wọ̀ mọ́. Ohun tí a kò bá sọ nígbà ìfẹ́ ni a óò fi ja nígbà ìjà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì lóde òní ti mọ ọ̀nà yìí. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tí ó kọ Stay with Me ní ọdún 2017, àti Oyinkan Braithwaite, tí ó kọ My Sister, the Serial Killer ní ọdún 2018, alárinà kan náà ní London, Clare Alexander, ni ó ṣojú àwọn méjèèjì. Ìlànà tí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn ní láti mọ̀ kò pọ̀. Kí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ kí ó tó kọ lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí Achebe ti kọ̀ láti ṣe kánkán. Kí ó wo ẹ̀yìn àwọn ìwé tí ó jọ tirẹ̀, ibi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ alárinà máa ń wà. Kí ó ka ìlànà ẹni kọ̀ọ̀kan, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń béèrè lẹ́tà kúkúrú, àkópọ̀ ìtàn, àti orí mélòó kan níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe odindi ìwé. Bí èsì bá dé pẹ̀lú àbá àtúnṣe, kí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ṣé àṣìṣe mi ni wọ́n fẹ́ mú kúrò, àbí ohùn mi?

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ìṣòro wa wà. Alárinà London kò lè ka ìwé tí a kọ ní Yorùbá, ìpín 15 nínú 100 lórí ìwé Yorùbá kò sì lè bọ́ alárinà kankan nílé. Fágúnwà kò rí irú rẹ̀. Ìdíje tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ni ó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ síta, ilé ìtàwé C.M.S. sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1938. Òun náà di aṣojú Heinemann ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé ni ó ń ṣojú fún, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1963, ìwé kan ṣoṣo yẹn di púpọ̀: Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Wálé Ògúnyẹmí sì fi ṣe eré Langbodo fún FESTAC ní ọdún 1977. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, di fíìmù lọ́wọ́ Túndé Kèlání ní ọdún 1997. Ìtumọ̀, eré orí ìtàgé, fíìmù: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó dá dúró, tí ó yẹ kí ìwé àdéhùn dárúkọ. Òǹkọ̀wé Yorùbá tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára bóyá WAEC yóò yan ìwé rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀tọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ fún òǹtẹ̀wé láìmọ̀, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò fi ìka sí ìlà náà.

Ta ni yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé lè pawọ́ pọ̀ san owó lọ́yà kan tí yóò máa ka ìwé àdéhùn fún gbogbo wọn. Olùkọ́ ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ bá gbé ìtàn wá lè kà á kí òǹtẹ̀wé tó kà á, kí ó sì sọ òótọ́ fún un. Ní yunifásítì, ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì lè túmọ̀ orí méjì tàbí mẹ́ta, kí ó kọ àlàyé tí ó yè kooro tì í, kí alárinà ọ̀nà jíjìn lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó ju agbára wa lọ nínú wọn.

Àríwísí pàápàá, iṣẹ́ alárinà ni: ó ń mú ìwé mọ òǹkàwé, ó ń mú òǹkàwé mọ ìwé. Bí alámèyítọ́ bá dúró di ìgbà tí ìwé ti jáde kí ó tó lanu, ó ti yẹ̀bá kí ìyàwó tó délé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé Yorùbá tí kò bá rí ẹni tí yóò kà á tọkàntọkàn nílé kí ó tó lọ sí ọjà, yóò ṣòro kí àlejò tó ka òye rẹ̀, nítorí ojú àlejò kì í fi ríran.